Ilé Tó Fara Mọ́ Sínágọ́gù: Bí Pọ́ọ̀lù Ṣe Ń Rí Àwọn Kèfèrí Kó Jọ

Kò sí ẹṣin nínú ìtàn bí Jésù ṣe pe Sọ́ọ̀lù, ẹni tí a mọ̀ sí àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà Damásíkù, ní orí 9, 22 àti 26, kò sì síbi tí Sọ́ọ̀lù ti já bọ́ lórí ẹṣin. Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ló gbé e gun ẹṣin. Ìyẹn ṣì ṣeé fojú fò. Èyí tó ń bí ènìyàn nínú ni bí wọ́n ṣe ń sọ pé Ọlọ́run yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà, tí Sọ́ọ̀lù di Pọ́ọ̀lù. Ananíà tó wá gbọ́wọ́ lé e lórí nílé Júdásì, ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Títọ́, “Sọ́ọ̀lù arákùnrin” ló pè é. Wọ́n ṣì ń pè é ní Sọ́ọ̀lù ní Áńtíókù lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ó di orí 13, ní erékùṣù Kípírọ́sì, níwájú gómìnà Róòmù kan tí òun náà ń jẹ́ Sergius Paulus, ká tó kà pé Sọ́ọ̀lù yìí ń jẹ́ Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Pẹ̀lú ni wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ méjì ló ń jẹ́, ọ̀kan láàárín àwọn Júù, ọ̀kan láwùjọ àwọn ará Róòmù.

Ìdí tí àṣìṣe yìí fi wọ̀ wá lára kò jìnnà. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ ìrìbọmi ni àmì pé ènìyàn ti gba ẹ̀sìn tuntun: Àjàyí wọnú omi ní Sàró lọ́dún 1825, ó jáde ní Samuel Crowther. Ojú yẹn la fi ń wo Pọ́ọ̀lù, la bá rò pé ó kúrò nínú ẹ̀sìn kan bọ́ sínú òmíràn. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú lẹ́tà sí àwọn ará Gálátíà, bí wòlíì Jeremáyà ṣe sọ̀rọ̀ lòun náà ṣe sọ̀rọ̀: wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ láti inú ìyá rẹ̀, wọ́n sì rán an níṣẹ́ sí àwọn Kèfèrí, ìyẹn àwọn tí kì í ṣe Júù. Ẹ̀rí tó lágbára jù wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó ní, làwọn Júù nà án ní ẹgba ogójì dín ọ̀kan. Ìyà sínágọ́gù, ilé ìjọsìn àwọn Júù, nìyẹn, ọmọ inú ilé ni wọ́n sì ń fi í jẹ. Bó bá ti sọ pé òun kì í ṣe ara wọn mọ́, ì bá gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ láìjẹ ẹgba kan. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló gbé ẹ̀yìn kalẹ̀ fún wọn.

Ìrìn àjò mẹ́ta tí wọ́n máa ń fi ìlà aláwọ̀ ya sẹ́yìn Bíbélì, ẹ jẹ́ ó máa wà níbẹ̀. Ibi tó dé nìyẹn ń fi hàn, kò fi bó ṣe ń rí èrò hàn.

Bó bá dé ìlú kan, sínágọ́gù ló ń kọ́kọ́ yà sí lọ́jọ́ Sábáàtì. Oríṣi ènìyàn mẹ́ta ló ń bá níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí ní Júù. Àwọn aláwọ̀ṣe, ìyẹn Kèfèrí tó ti kọlà tó sì ti di Júù pátápátá. Àti àwọn olùbẹ̀rù Ọlọ́run, tí wọ́n ń wá gbọ́ ọ̀rọ̀, tí wọ́n ń dá owó, ṣùgbọ́n tí wọn kò kọlà. Wọn kì í ṣe àròsọ. Ní Aphrodisias, ní ilẹ̀ Túrkì òde òní, wọ́n rí òkúta kan tí wọ́n gbẹ́ lẹ́yìn ayé Pọ́ọ̀lù, tí orúkọ àwọn Júù àti ti olùbẹ̀rù Ọlọ́run tó lé ní 50 jọ wà lára rẹ̀, títí kan ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú.

Ẹ fi wọ́n wé oníbàárà tó ń wá sí ìsọ̀ aláṣọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó mọ aṣọ náà, ó mọ bí wọ́n ṣe hun ún, ó tiẹ̀ ń bá aláṣọ polówó. Iye kan ṣoṣo ni kò lè san: abẹ. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti dákọ fún láti ọmọ ọwọ́ lè má tètè rí ìwúwo ọ̀rọ̀ yìí. Gíríìkì tó ti dàgbà, tó ń wẹ̀ níta gbangba níbi tí wọ́n ti ń fi ìkọlà ṣẹ̀sín, rí i dáadáa. Pọ́ọ̀lù wọlé, ó ní wọn kò ní san iye yẹn mọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ jáde láti inú ìwé tí wọ́n ń kà níbẹ̀: Jẹ́nẹ́sísì orí 15 ni Ọlọ́run ti ka Ábúráhámù sí olódodo, orí 17 ni ìkọlà tó dé. Ẹni tí kò bá mọ Ábúráhámù kò lè gbádùn àlàyé yẹn, àwọn wọ̀nyí sì mọ̀ ọ́n, nítorí ìtumọ̀ èdè Gíríìkì ni wọ́n ń kà sí wọn létí.

Ṣé ẹ wá rí ìdí tí ìjà fi ń bẹ́ sílẹ̀ nígbà gbogbo? Inú ìsọ̀ ni wọ́n ti ń kó oníbàárà lọ. Kọ́ríńtì ni èyí ti hàn jù. Ó ń bá Aquila àti Priscilla aya rẹ̀ ṣe àgọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ní sínágọ́gù lọ́jọ́ Sábáàtì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dàrú, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì jáde. Ibo ló kó lọ? Ilé Titius Justus, olùbẹ̀rù Ọlọ́run tí ilé rẹ̀ fara mọ́ sínágọ́gù gan-an. Crispus, olórí sínágọ́gù, tẹ̀ lé e tòun ti agboolé rẹ̀. Ọdún kan àti oṣù 6 ni Pọ́ọ̀lù lò nílùú yẹn, tí ẹni tó ń lọ sí sínágọ́gù ń rí ẹni tó ń yà sílé kejì. Àwọn Júù wọ́ ọ lọ bá Gallio, gómìnà tí òkúta kan ní Delphi jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan bí ọdún 51 sí 52 ló wà lórí oyè, ó sì lé gbogbo wọn kúrò níwájú rẹ̀.

Àfiwé ìsọ̀ yìí kò pé o. Pọ́ọ̀lù kò gbà pé òun ń ta ọjà míì. Ọjà kan náà ló sọ pé òun ń tà. Àwọn olùbẹ̀rù Ọlọ́run sì kọ́ ni gbogbo èrò. Àwọn ará Tẹsalóníkà tó kọ lẹ́tà sí, ó ní inú òrìṣà ni wọ́n ti yí padà, ó sì rán wọn létí pé tọ̀sán-tòru lòun fi ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ láàárín wọn. Ilẹ̀kùn ni sínágọ́gù. Agboolé àti ibi iṣẹ́ ló ń kún ilé.

Níbi tí kò ti sí ilẹ̀kùn yẹn, ẹ wo Lístírà. Ó mú arọ kan lára dá, àwọn èrò bá ń pariwo ní èdè Likaóníà pé àwọn òrìṣà ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n pe Bánábà tó ń bá a rìn ní Súúsì, olórí àwọn òrìṣà Gíríìkì, wọ́n pe Pọ́ọ̀lù ní Hẹ́mísì, òrìṣà tó ń jíṣẹ́ fún wọn, nítorí òun ló ń sọ̀rọ̀ jù, àwòrò Súúsì sì fa màlúù wá láti fi rúbọ sí wọn. Agbára káká ni wọ́n fi dá wọn dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ lókùúta.

Ní nǹkan bí ọdún 49, àwọn àgbà Jerúsálẹ́mù gbà pé kí Kèfèrí má kọlà. Lẹ́tà wọn béèrè nǹkan 4: kí wọ́n yẹra fún ohun tí wọ́n fi bọ òrìṣà, fún ẹ̀jẹ̀, fún ẹran tí wọ́n lọ́ lọ́rùn pa, àti fún àgbèrè. Pọ́ọ̀lù ní tòun kò sọ nǹkan 4. Ó ní kí àwọn rántí àwọn tálákà Jerúsálẹ́mù nìkan ni wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ó fi ọwọ́ pàtàkì mú un. Ó ní kí olúkúlùkù máa ya owó sọ́tọ̀ nílé rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, kó má ba à di pé ìgbà tóun bá dé ni wọ́n ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wá owó kiri. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọgbọ́n ètò náà pọ̀ sí jù: àwọn tí wọn kò ní jọ dá kọ, wọ́n á jọ dá owó.

Owó yẹn náà ló gbé e padà sí Jerúsálẹ́mù. Wọ́n rí i nígboro pẹ̀lú Tírófímù ará Éfésù, tó jẹ́ Kèfèrí, wọ́n rò pé ó ti mú un wọ tẹ́ḿpìlì, ìlú dàrú, wọ́n sì mú un. Òkúta ìkìlọ̀ tó wà lára ògiri tí àjèjì kò gbọ́dọ̀ kọjá ní tẹ́ḿpìlì ṣì wà. Ọdún 1871 ni wọ́n rí i, ó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Istanbul báyìí, Gíríìkì ni wọ́n fi kọ ọ́ kí àjèjì lè kà á: ẹni tí wọ́n bá mú nínú, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa ikú tó máa tẹ̀ lé e.