Sányán àyálò: bí pàṣípààrọ̀ owó Nàìjíríà àti Ṣáínà ṣe ń ṣiṣẹ́

Láti ọdún 2018 tí Nàìjíríà àti Ṣáínà ti tọwọ́ bọ̀wé pàṣípààrọ̀ owó, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gbòde nígbàkúùgbà tí ìròyìn rẹ̀ bá tún jáde: Ṣáínà ti fún wa lówó, a ti bọ́ lọ́wọ́ dọ́là. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Ṣáínà kò fún ẹnikẹ́ni lówó, dọ́là kò sì kúrò nílẹ̀. Ohun tí ìwé náà ṣe gan-an jinlẹ̀ ju àsọdùn yẹn lọ, ó sì yẹ kí ẹni tó ń fi owó rẹ̀ ṣòwò mọ̀ ọ́n.

Ìtàn àjọṣe ìlú méjèèjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1971, kò gba àlàyé gígùn níbí. Ká ṣáà mọ̀ pé báńkì kì í bá báńkì jókòó báyìí kí ìjọba méjèèjì má ti kọ́kọ́ jókòó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, Ààrẹ Muhammadu Buhari lọ sí Beijing, ọ̀rọ̀ lílo yuan, owó Ṣáínà, fún káràkátà sì jẹyọ níbẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, Wang Yi tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Ṣáínà wá sí Àbújá, Nàìjíríà sì ní kí Taiwan kó ọ́fíìsì ìṣòwò rẹ̀ kúrò ní Àbújá lọ sí Èkó. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2018, Godwin Emefiele tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa nígbà náà, àti Yi Gang, akẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ṣáínà, fọwọ́ sí ìwé ní Beijing. Bílíọ̀nù 15 yuan ló wà lápá kan, bílíọ̀nù 720 náírà lápá kejì, fún ọdún mẹ́ta.

Kí ni wọ́n wá pa rọ̀? Ẹ jẹ́ ká fi í wé obìnrin méjì tí ilé wọn fara kanra. Ọ̀kan ní sányán nínú àpótí, èkejì ní àlàárì: ká pe yuan ní sányán, ká pe náírà ní àlàárì. Wọ́n wá bára wọn ṣàdéhùn pé, lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá ní òde tó gba aṣọ èkejì, kó wá gbà á, kó sì fi tirẹ̀ dógò títí ọjọ́ tí yóò fi dá a padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdéhùn yìí, aṣọ kankan kò tíì kúrò nínú àpótí. Bílíọ̀nù 15 yẹn ni òdiwọ̀n ibi tí ẹni tó ń yá lè yá dé. Ẹni tó bá ń kà á bí owó tó ti wọ àpò ìjọba, àpótí aládùúgbò ló ń kà, kì í ṣe tiwa.

Lọ́jọ́ tí Àbújá bá wá nílò yuan, á ránṣẹ́. Báńkì àpapọ̀ Ṣáínà á kọ yuan náà sí àkáǹtì tí wọ́n ṣí fún tiwa lọ́dọ̀ wọn, tiwa náà á kọ náírà tó ṣe wẹ́kú rẹ̀ sí àkáǹtì tí a ṣí fún wọn níbí. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé bébà owó, àkọsílẹ̀ lásán ni. Bí gbèdéke bá pé, wọ́n á yí àkọsílẹ̀ méjèèjì padà: yuan á padà sílé, náírà á padà sílé, ní iye tí wọ́n fi ṣẹ́ wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, yálà náírà ti fò sókè láàárín ìgbà náà tàbí ó ti já wálẹ̀. Ẹni tó yá aṣọ á sì san èlé lé e.

Títí débí, kò sí wàhálà. Bí obìnrin tó yá sányán bá wọ̀ ọ́ lọ sí òde, tó fọ̀ ọ́, tó ká a, tó dá a padà, tí ó sì gba àlàárì rẹ̀, inú gbogbo wọn á dùn. Àmọ́ báńkì àpapọ̀ kì í wọ aṣọ tó yá. Ńṣe ló ń gé e ní ọ̀pá ní ọ̀pá, tó ń tà á. Láti oṣù Keje ọdún 2018 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta yuan fún àwọn báńkì bíi ti gbàǹjo, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì: oníbàárà á mú Form M rẹ̀ (fọ́ọ̀mù tí akọ́jàwọlé fi ń forúkọ ọjà sílẹ̀) wá, pẹ̀lú ìwé iye ọjà tí wọ́n kọ ní yuan, báńkì rẹ̀ á sì dárúkọ iye náírà tó lè san. Akọ́jàwọlé gba yuan, ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ta ẹ̀rọ fún un ní Guangdong, ní Ṣáínà. Sányán ti di ẹ̀wù lọ́rùn ẹlòmíràn lókè òkun. Náírà tí àwọn oníbàárà san ló kù lọ́wọ́ báńkì àpapọ̀, bẹ́ẹ̀ sányán gan-an ni onísányán fẹ́ gbà padà.

Ibí yìí gan-an ni ètò náà ti fi ara rẹ̀ hàn. Níbo la ó ti rí yuan dá padà? Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé ká ta ọjà fún Ṣáínà, kí wọ́n sì fi yuan san án. Ọ̀nà kejì ni pé ká fi dọ́là ra yuan lọ́jà àgbáyé. Wọn ò sì bára wọn dọ́gba rárá. Ọjà tí à ń rà lọ́wọ́ Ṣáínà, fóònù, ẹ̀rọ, jẹnẹrétọ̀, aṣọ, fi ìlọ́po lọ́nà púpọ̀ ju èyí tí à ń tà fún un lọ. Epo rọ̀bì tó jẹ́ olórí ọjà wa, Yúróòpù àti Íńdíà ló ń ra èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, dọ́là ni wọ́n sì fi ń dá iye lé e. Nítorí náà, dọ́là tí wọ́n ní a ti lé jáde gba ẹnu ọ̀nà iwájú, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé padà lọ́jọ́ tí gbèsè pé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Ti yuan yìí kò fúnni lọ́jọ́ tí a wọ̀ ọ́. Ọjọ́ dídá a padà ló ń fúnni.

Síbẹ̀, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ ká gbójú fò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà ní Yiwu, ìlú ọjà ní Ṣáínà, láì sí àdéhùn yìí gbọ́dọ̀ ṣẹ́ náírà sí dọ́là, kó tún ṣẹ́ dọ́là sí yuan. Gbogbo ibi tí owó bá ti yí padà ni ẹnìkan ti ń bu díẹ̀ nínú rẹ̀. Pàṣípààrọ̀ tààrà gé ibùdó kan kúrò lójú ọ̀nà. Ó sì tún ń ra àkókò fúnni lọ́dún tí dọ́là bá wọ́n, kí ilé iṣẹ́ tó ń dúró de èròjà má bàa ti ilẹ̀kùn.

Ibi tó dunni ni ẹni tí ọ̀nà náà ṣí fún. Lẹ́tà kírẹ́díìtì (ìwé tí báńkì fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ owó ọjà) fún èròjà ilé iṣẹ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ni báńkì àpapọ̀ ta yuan náà fún nígbà tí gbàǹjo náà bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ń ta bàtà ní Balógun, tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ pín kọ̀ntéénà kan, kì í ṣí lẹ́tà kírẹ́díìtì. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ló ti ń rí RMB (orúkọ mìíràn fún yuan) rẹ̀, iye tí wọ́n bá sì pè é ni yóò san. Irú rẹ̀ ló sọ ojú ọ̀nà Èkó sí Guangzhou di ọ̀nà ọjà kí ìjọba tó mọ̀ ọ́n. Òun ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ro tirẹ̀.

Kí ni Ṣáínà wá rí nínú rẹ̀? Kò ní òde kankan tó fẹ́ wọ àlàárì wa lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó wà níbí ti ń rí náírà nínú ọjà tí wọ́n ń tà. Èrè rẹ̀ wà níbòmíràn. Láti ọdún 2008 tó ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gúúsù Kòríà, ó ti bá orílẹ̀-èdè tó ju ọgbọ̀n lọ ṣe irú àdéhùn yìí, Gúúsù Áfíríkà àti Íjíbítì wà lára wọn. Lọ́dún 2023, Argentina fi yuan tó rí gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀ san nínú gbèsè tó jẹ IMF, àjọ owó àgbáyé. Àdéhùn náà kò ná Ṣáínà ní nǹkankan títí tí ẹnìkan yóò fi yá nínú rẹ̀, bí wọ́n bá sì yá a, ó ń padà wálé tòun tèlé, gbogbo ayé sì ń kọ́ bí a ṣe ń fi yuan ka owó. Bí a bá ń ta yànmọ̀tí àti kaṣú wa fún un ní yuan, tí owó yẹn ń wọ báńkì àpapọ̀ tààrà, àwa náà á ní sányán tiwa nínú àpótí.

Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n tún ìwé náà ṣe fún ọdún mẹ́ta sí i. Bílíọ̀nù 15 yuan náà ni, kò lé, kò dín. Ṣùgbọ́n náírà tó dojú kọ ọ́ ti kúrò ní bílíọ̀nù 720, ó ti di tírílíọ̀nù 3.28. Náírà 48 ló ṣe wẹ́kú yuan kan nínú ìwé àkọ́kọ́. Nínú ìwé yìí, ó ti lé ní 218. Sányán tí àlàárì kan tó dógò fún lọ́dún 2018, àlàárì mẹ́rin àti ààbọ̀ kò tó o mọ́.