Ẹ̀wù Funfun Ara Irin Ìbàdí

Àwọn tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú: ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí egungun itan mọ́, kí ibẹ̀ máa kú díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ ọgbọ̀n ọdún máa tiro. Nígbà míì, iṣẹ́ abẹ ló kù. Dókítà á gé orí egungun náà kúrò, á sì ki irin titanium bọ inú itan. Iṣẹ́ tèmi ni láti yẹ ara irú irin bẹ́ẹ̀ wò kó tó kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é.

Bí dókítà kò bá ní fi sìmẹ́ǹtì ilé ìwòsàn lẹ̀ ẹ́, egungun fúnra rẹ̀ ni yóò hù mọ́ ọn. Kó lè tètè hù, wọ́n máa ń fi hydroxyapatite bò ó, irú èròjà tó mú kí egungun wa le. Wọ́n á fi iná tó gbóná gan-an yọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀, wọ́n á sì fín in sára irin. Ní 1985 ni dókítà Ronald Furlong bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún aláìsàn ní London.

Ẹ̀rù tó máa ń bà mí ni kí ẹ̀wù funfun yìí má lọ bó nínú ara èèyàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fà á. A ó mú àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fín bákan náà, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25, kò tó ìdérí ìgò mínírà. A ó fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin mìíràn, ẹ̀rọ á sì fà á títí á fi já. Ìlànà ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ kárí ayé, ní ìpíndọ́gba agbára tó fi já kò gbọdọ̀ dín sí megapascal 15, ìyẹn ìwọ̀n bí agbára ṣe pọ̀ tó lórí ojú nǹkan. Lórí àwo kékeré yẹn, bí ẹni so àpò sìmẹ́ǹtì 15 rọ̀ mọ́ ọn ni, kílò 50 lọ́kọ̀ọ̀kan.

Síbẹ̀, ibi tó ti já ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, kì í ṣe iye. Bó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ló já, agbára gọ́ọ̀mù la wọ̀n. Bí gọ́ọ̀mù bá ti ráyè gba ihò wẹ́wẹ́ wọlé kan irin, iye tí ẹ̀rọ kọ ń tàn wá jẹ. Àmọ́ bí ẹ̀wù bá ṣí pátá, tí irin ń dán gbinrin lábẹ́ rẹ̀, a jẹ́ pé wọn kò họ irin náà dáadáa kí wọ́n tó fín in. Bíríkìlà yóò sọ fún yín pé ògiri tó dán kì í gba sìmẹ́ǹtì.

A tún máa ń kán omi sí irin tí wọn kò tíì bò. Lórí ewé kókò, omi á ká jọ, á yí dànù. Lórí titanium tó mọ́, ṣe ló máa ń tẹ́ rẹrẹ. Mo máa ń fi han àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́: kí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ibì kan, kí wọ́n tún kán omi síbẹ̀. Omi á dìde bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀rá ìka ni, ojú kò sì rí nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rin irin náà yóò bá ọ̀rá yẹn pàdé.

Nítorí náà, ẹ má gba irin tí wọ́n ti tú páálí rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ẹ sì bi dókítà léèrè ìwé pélébé alálẹ̀mọ́ tó wà nínú páálí. Ẹ gba ọ̀kan pa mọ́. Nọ́ńbà orí rẹ̀ la fi ń tọpa ọjọ́ tí wọ́n fín irin yín, àti àwọn àwo tí a fà lọ́jọ́ náà.