Wákàtí Mẹ́rin Tó Wà Láàárín Ìlà Méjì

Bí ọmọ bá há sí ìbàdí ìyá, kì í pariwo. Ìrọbí á kàn máa lọ, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, àwọn tó yí ìyá ká á máa ní kó mọ́kàn, kó ṣe sùúrù. Kí wọ́n tó gbà pé ọ̀rọ̀ ti kọjá sùúrù, ilé ọmọ lè ti fàya, ọmọ sì lè ti kú sínú. Ìyá tó bá yè é lè máa tọ̀ sára láìmọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí orí ọmọ ti fún àpò ìtọ̀ mọ́ eegun títí ó fi lu. Torí irú èyí ni bébà tí wọ́n ń pè ní partograph, tí wọ́n fi ń ṣọ́ bí ìrọbí ṣe ń lọ, ṣe wà nínú yàrá ìgbẹ̀bí.

Dókítà kan ní New York, Emanuel Friedman, ló la ọ̀nà rẹ̀. Lọ́dún 1954 ó tẹ jáde ohun tó rí lára 100 obìnrin tó ń bí àkọ́bí: iye sẹ̀ǹtímítà tí ẹnu ilé ọmọ ṣí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà, wákàtí wà nísàlẹ̀. Nígbà tó fa ìlà so àwọn àmì náà pọ̀, ó hàn pé ìrọbí kọ́kọ́ ń wọ́ ni, kó tó wá já geere. Àkíyèsí tó dáa ni, àmọ́ ọsíbítù ńlá ló ti ṣe é, níbi tí dókítà kò ti jìnnà.

Rhodesia, tó di Zimbabwe lónìí, ni bébà náà ti di irinṣẹ́. Ní Salisbury, ìyẹn Harare, dókítà kan tó ń jẹ́ Hugh Philpott mọ̀ pé agbẹ̀bí ló ń gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ní kílíníìkì tí kò ní dókítà, tí kò sì ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ohun tí irú agbẹ̀bí bẹ́ẹ̀ fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tó yẹ kó pe mọ́tò. Lọ́dún 1972, Philpott àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, W. M. Castle, gbé ìlà méjì jáde. Wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn olùbí àkọ́bí tí ìrọbí wọn falẹ̀ jù ṣe òṣùwọ̀n, wọ́n fa ìlà ìkìlọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan fún wákàtí kan. Wọ́n wá fa ìlà kejì, ìlà ìgbésẹ̀, sí apá ọ̀tún rẹ̀, wákàtí mẹ́rin síra wọn.

Wákàtí mẹ́rin yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí. Ọ̀nà ló wà nínú rẹ̀, àti mọ́tò, àti gáálọ̀nù epo. Bí àmì bá ti kọjá ìlà àkọ́kọ́ ní kílíníìkì, kí ìyá gbéra. Kí ìlà kejì tó pé, kó ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó lè ṣiṣẹ́ abẹ.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni bébà náà. Agbẹ̀bí á fi ìka wọn bí ẹnu ilé ọmọ ṣe ṣí, á fi X sí i. Á gbé ọwọ́ lé ikùn, á ka iye ìka nínú márùn-ún tí orí ọmọ ṣì fi wà lókè eegun ìbàdí, á fi O sí ìyẹn. Á ka iye ìgbà tí inú fún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á tún fetí sí ọkàn ọmọ.

Ní oṣù kejì ọdún 1987, Báńkì Àgbáyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNFPA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iye ènìyàn, pe ìpàdé sí Nàìróbì lórí ikú aboyún. Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù obìnrin ni wọ́n fojú bù pé ó ń kú lọ́dún nígbà náà, àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ ló sì pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìpàdé yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe partograph tirẹ̀, ó sì dán an wò ní ọsíbítù mẹ́jọ ní Indonéṣíà, Màléṣíà àti Tháílàǹdì, lára 35,484 obìnrin. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1994: ìrọbí tó pẹ́ jù já wálẹ̀ láti 6.4 nínú 100 sí 3.4, òkú ọmọ láti 0.5 sí 0.3.

Bẹ́ẹ̀, bébà ò lè gbé ìyá lọ sí ọsíbítù. Àìmọye yàrá ìgbẹ̀bí ni wọ́n ti ń kọ ọ́ lẹ́yìn tí ọmọ ti dé, kí fáìlì lè pé. Èyí tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni là.

Ìlà ìkìlọ̀ fúnra rẹ̀ náà bọ́ sábẹ́ ìbéèrè. Olùṣèwádìí kan, Olufemi Oladapo, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ìrọbí 5,606 obìnrin ní ọsíbítù 13 ní Nàìjíríà àti Uganda. Èsì wọn lọ́dún 2018 fi hàn pé kí ẹnu ilé ọmọ tó ṣí dé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ọ̀pọ̀ ìyá ni sẹ̀ǹtímítà kan ń gbà ju wákàtí kan lọ, wọ́n sì ń bímọ wọn láyọ̀. Òfin sẹ̀ǹtímítà kan fún wákàtí kan ti sọ ìrọbí tí kò ní àléébù di àìsàn.

Ní ìparí ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé bébà mìíràn jáde láti fi rọ́pò partograph náà. Ìlà méjèèjì ti kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn orúkọ ìyá, kí wọ́n tó dé orí ọkàn ọmọ, ohun tí bébà tuntun náà kọ́kọ́ ń bèèrè ni bóyá ẹnì kan dúró tì í, bóyá wọ́n ti fún un ní nǹkan tó máa dín ìrora kù, àti bóyá ó ti mu omi.