Wọn ò béèrè omi, ṣé wọn ò nílò rẹ̀ ni?

"Ẹ má fún màmá lómi mọ́ o, ilẹ̀ ti ṣú." Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, láti Ìsàlẹ̀ Afọ́n dé Màsífà, bóyá ni mo fi máa ń wọ ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbà kí n má gbọ́ gbólóhùn yìí tàbí èyí tó jọ ọ́. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé bí àgbà bá mumi, yóò tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kí ibùsùn gbẹ, kó yáa dín omi kù. Nínú ilé mìíràn, wọn kì í dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń ṣọ́ omi mọ́ ìyá lọ́wọ́.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe é kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ni, tàbí ọmọ-ọmọ tó ń fọ aṣọ ìtọ̀ kó tó lọ síléèwé, tàbí ìyàwó ilé tó mọ iye tí wọ́n ń ta pámpásì àgbà báyìí. Mo mọ̀ pé pámpásì wọ́n. Mo mọ̀ pé fóòmù tó bá ti mu ìtọ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀ nígbà òjò. Síbẹ̀, omi tí a fi du àgbà ń ba àgbà jẹ́.

Pé ara ò lè ṣe kó má lómi, n kò ní fi ìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún mi ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Tí mo bá ní kí wọ́n fún àgbà lómi, wọ́n á ní: "Wọn ò béèrè. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n, ṣebí wọ́n á sọ."

Wọ́n lè má sọ o. Òùngbẹ náà ni kì í gbẹ wọ́n bó ṣe yẹ mọ́.

Inú ọpọlọ ni òùngbẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí omi inú ẹ̀jẹ̀ bá dín, tí iyọ̀ inú rẹ̀ wá ki, ọpọlọ á fura. Á mú kí ẹnu gbẹ, kí ọkàn ẹni máa fà sómi, á sì tún ránṣẹ́ sí kídìnrín pé kó má da omi nù. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ sókè, ìfura yìí á máa falẹ̀. Kídìnrín náà ò ní lè fa omi padà sára bíi ti ìgbà èwe mọ́. Omi tó wà lára àgbà pàápàá ti dín kù tẹ́lẹ̀: nínú ọ̀dọ́kùnrin tó ń wọn ọgọ́rùn-ún kílò, nǹkan bí ọgọ́ta kílò ló jẹ́ omi, ṣùgbọ́n tó bá fi máa dàgbà tán, ó lè má ju àádọ́ta lọ. Ohun tí wọ́n ní lápò kéré, ẹni tó yẹ kó kígbe pé ó ti ń tán sì ti ń sùn lọ.

Ní ọdún 1984, àwọn dókítà kan ní Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí jáde lórí èyí. Wọ́n kó ọkùnrin méje jọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 67 sí 75, gbogbo wọn ni ara wọn dá ṣáṣá. Wọ́n tún kó ọ̀dọ́kùnrin méje tí wọ́n wà láàárín ọdún 20 sí 31. Fún wákàtí 24, wọn ò fún ẹnikẹ́ni nínú wọn lómi. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ti àwọn àgbà ló ki jù. Ẹ̀yin náà á rò pé àwọn ni wọ́n á máa pariwo òùngbẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ni òùngbẹ ń gbẹ. Àwọn àgbà ò sọ pé ẹnu àwọn gbẹ, nígbà tí wọ́n sì gbé omi fún tọ̀túntòsì, àwọn àgbà yẹn ò mu tó àwọn ọ̀dọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ki jù ni wọn ò béèrè omi. Ara le ni ti àwọn yẹn. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dè láhọ́n ńkọ́? Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra, tí kò rántí bí wọ́n ṣe ń béèrè ńkọ́?

Ó tún ku àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ, tí wọn ò kàn ní sọ. Mo wọ ilé kan ní Àrówómọlé, kọ́ọ̀bù ìyá wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó mọ́ tónítóní, wọ́n fi àwo pẹlẹbẹ dé e. Ọwọ́ ìyá ò lè tó o láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mo bomi, mo bá wọn di kọ́ọ̀bù náà mú, wọ́n sì mu ún láìgbé e kúrò lẹ́nu títí tó fi tán. Wọ́n wá ní, "O ṣeun, ọmọ mi. N ò fẹ́ẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu ni." Ní ọ̀pọ̀ agboolé wa, ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Kí ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún tó débẹ̀ lóru, ó ní láti jí ẹnìkan, ẹni yẹn á wá tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á jọ fara balẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìyá tó ti fìgbà kan jẹ́ olórí obìnrin ilé, ojú á tì í. Òun fúnra rẹ̀ á fi ẹnu ara rẹ̀ kọ omi. Tí ẹ bá wá rí i pé kò béèrè, ẹ má tíì gbà pé kò fẹ́.

Ká tiẹ̀ bi ara wa: ibùsùn tí wọ́n torí rẹ̀ dín omi kù, ṣé ó ń gbẹ? Nínú ilé tí mo bá béèrè, wọ́n á ní ó ṣì ń tutù. Kò sì yà mí lẹ́nu. Ẹ wo kókósẹ̀ ìyá tó ti jókòó sórí àga láti àárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, á pẹ́ díẹ̀ kó tó padà. Omi ló sọ̀ síbẹ̀. Tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ lóru, omi ẹsẹ̀ yẹn á padà sínú ẹ̀jẹ̀, kídìnrín á sẹ́ ẹ, á di ìtọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni èròjà inú ara tó máa ń dín ìtọ̀ òru kù fún ọ̀dọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára àgbà mọ́. Omi àná àti ti ọ̀sán wà nínú ìtọ̀ òru náà, kì í ṣe kọ́ọ̀bù kan tí ẹ fi dù wọ́n ní aago méje alẹ́ nìkan. Ìtọ̀ tó bá sì ki jù lè máa ta àpò ìtọ̀, kí ó máa ṣe wọ́n bíi kí wọ́n tọ̀ ṣáá. Ìgbẹ́ tó gbẹ sínú náà á tún máa ti àpò yẹn.

Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí a fún wọn lómi dáadáa láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, díẹ̀díẹ̀, láìdúró de ìgbà tí wọ́n bá béèrè. Kí a gbé ẹsẹ̀ wọn sókè sórí ìrọ̀rí lọ́sàn-án, kí omi ẹsẹ̀ lè tètè padà, kí wọ́n sì tọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Tó bá ku bíi wákàtí méjì kí wọ́n sùn, a lè wá dẹwọ́. Oògùn ìfúnpá tó ń múni tọ̀, ẹ bi dókítà bóyá àárọ̀ ló yẹ kí wọ́n máa lò ó. Kí póò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti rí ilé tí wọ́n gé ihò sáàárín àga oníke, tí wọ́n fi ike kékeré sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi sáńdìpépà ha etí ihò náà kó má baà ya ìyá nídìí, wọ́n sì ti ẹ̀yìn àga mọ́ ògiri kó má baà yẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá ọ̀hún ti ń mumi.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ ní Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní ESPEN ní kí ohun mímu obìnrin àgbà má dín ní lítà 1.6 lójúmọ́, kí ti ọkùnrin má dín ní lítà 2. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ 50cl, nítorí náà ó ju mẹ́ta lọ díẹ̀ fún ìyá, mẹ́rin fún bàbá. Ẹ̀kọ mímu wà nínú rẹ̀, tíì wà nínú rẹ̀, kò di dandan kó jẹ́ omi lásán. Nínú ooru oṣù kejì àti ìkẹta wa, àti nígbà ọyẹ́ tí ètè ń bó, ó lè má tó.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù ni ti iyè. Àgbà tí omi ti tán lára rẹ̀ lè ṣàdédé máa sọ ìsọkúsọ, kó máa pe òkú, kó má dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Àwọn ará ilé á ní wọ́n ti ń ṣarán, àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Iyè tó ń ra nítorí ogbó kì í dé lọ́jọ́ méjì, oṣù àti ọdún ló máa ń gbà. Èyí tó bá dé lójijì, àìsàn ló sábà máa ń fà á: ibà, kòkòrò nínú ìtọ̀, oògùn tí kò bá wọn lára mu, tàbí àìtó omi. N kò sọ pé omi ni gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ má sì fi omi nìkan wò ó. Ẹ gbé wọn lọ síléèwòsàn lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì ló wà nílùú yìí, ti Bowen àti ti LAUTECH, UCH ní Ìbàdàn sì ti ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà nìkan láti ọdún 2012.

Àwọn kan á ní kí a fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ wò, tàbí kí a wo àwọ̀ ìtọ̀, láti mọ̀ bóyá omi ti dín. Lára àgbà, ẹ má gbára lé e. Awọ àgbà ti rọ̀ tẹ́lẹ̀, oògùn sì lè yí àwọ̀ ìtọ̀ padà. ESPEN náà ní kí a má fi àwọn àmì yìí dájọ́. Iye tí wọ́n mu ni kí ẹ máa kà.

Ọ̀rọ̀ mi ò kan gbogbo ènìyàn bákan náà ṣá o. Ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé kó ní òdiwọ̀n omi, nítorí ọkàn, kídìnrín tàbí ẹ̀dọ̀, ti dókítà ni kó tẹ̀ lé. Àgbà tó fẹ́ gba ààwẹ̀ gbígbẹ, tó sì ń lo oògùn ìfúnpá tàbí ti àtọ̀gbẹ, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Ẹ má sì torí ohun tí mo kọ yìí máa rọ omi sí àgbà lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ. Ẹni tó ń sùn, tàbí tí ojú rẹ̀ ò là dáadáa, ẹ má fún un ní nǹkan kan lẹ́nu. Ẹ gbé e jókòó nàró, ẹ jẹ́ kó mu díẹ̀, kó gbé e mì, kí ẹ tó fún un ní òmíràn. Tó bá ń wúkọ́ bó ṣe ń mu, tàbí tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tí omi há lọ́fun, ẹ dáwọ́ dúró. Omi lè máa gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, pàápàá lára ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀, dókítà sì gbọ́dọ̀ yẹ bó ṣe ń gbé nǹkan mì wò kí ẹ tó tún gbé kọ́ọ̀bù sí i lẹ́nu.