Ẹ Má Fi Pílásítà Bo Ògiri Tó Ń Là

Ó ti sú mi kí n máa dé ilé onílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí wọ́n ní, "Ẹnjiníà, bíríkìlà ti bá wa dí ojú ibi tí ògiri ti là, ó tún là ni." Wọ́n dí i, wọ́n kùn ún lọ́dà, ó tún là. Ẹlòmíràn ti pe wòlíì ná kó tó rántí mi, wọ́n ní iṣẹ́ ayé ni. Ayé wo? Ìpìlẹ̀ ilé ló ń rì!

Ojú líla tó tẹ́ẹ́rẹ́ lójú pílásítà nìkan, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí mò ń wí ni èyí tó ti igun fèrèsé gba ẹ̀gbẹ́ gòkè, tí ẹ rí nínú yàrá, tí ẹ tún rí níta. Bí ilẹ̀kùn tó ń tì geere tẹ́lẹ̀ bá tún wá ń há, ẹ̀gbẹ́ kan ilé náà ń rì ju ìkejì lọ nìyẹn.

Ẹ mú pẹ́ńsùlù. Ẹ fa ìlà kékeré síbi tí ojú líla náà parí sí gan-an, lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ wọn bó ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ padà wò ó. Bó bá ti kọjá ìlà yín, ilé náà ṣì ń rìn, kò sì sí sìmẹ́ńtì tí ẹ máa fi dí i tó lè dá a dúró. Bíríkìlà mọ búlọ́ọ̀kù tò. Èmi ni mo kọ́ bí ẹrù ṣe ń ti orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀ dé inú ilẹ̀.

Àwọn tó ń gé píllà ìsàlẹ̀ kí ṣọ́ọ̀bù lè fẹ̀ ńkọ́? Àwọn tó ń gbé àjà mìíràn lé ilé tí kò lè gbé e? Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé alájà púpọ̀ kan wó ní Ìta Fáájì, ní Erékùṣù Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà lókè rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn jáde nílé láàárọ̀ pẹ̀lú báàgì ìwé wọn, àwọn kan nínú wọn ò padà wálé mọ́. Àwọn aláṣẹ ní àwọn ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o.

Ayálégbé ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i pé ògiri ń là. Ẹ má dúró de lánlọ́ọ̀dù. Ẹ fi tó Lagos State Building Control Agency létí, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́. Bí wọ́n bá sì ti sàmì sí ilé yín, ẹ kẹ́rù, ẹ jáde.