Yíyan tọ́bò fún ẹ́ńjìnnì tí kò bá tọ́bò wá

Tọ́bò ni ẹ̀rọ tó máa ń fi èéfín gbígbóná tó ń jáde látinú ẹ́ńjìnnì yí fáànù kan, fáànù yìí àti èkejì jọ wà lórí irin kan ṣoṣo, torí náà tí ọ̀kan bá ti ń yí èkejì náà á máa yí, èkejì yẹn ló ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta tó sì ń fi agbára tì í wọnú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí písítìn bá fà wọlé fúnra rẹ̀ ló ń rí lò. Tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, epo náà á ṣeé fi kún, páwà á sì gòkè. Alfred Büchi, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gba patent lórí èrò yìí lọ́dún 1905, àmọ́ ọdún 1962 ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ní tọ́bò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́wọ́ àwọn tó ń ra mọ́tò ní Amẹ́ríkà, ìyẹn Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair Monza Spyder.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá fẹ́ fi tọ́bò sára ẹ́ńjìnnì tí kò bá a wá, iye hp (òdiwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì) tí wọ́n kọ sára tọ́bò ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò. Mazda MX-5, tí wọ́n ń pè ní Miata ní Amẹ́ríkà, dáa láti fi ṣe àpẹẹrẹ torí ó wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti fi tọ́bò sí jù láyé. Èyí tó jáde lọ́dún 1994 ń lo ẹ́ńjìnnì 1.8 (1,839 cc), 128 hp ló ní, kọ̀mpréṣàn rẹ̀, ìyẹn ìlọ́po tí písítìn fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, sì jẹ́ 9.0:1. Irú ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ni Mazda fi tọ́bò sí nínú Familia GT-R, àmọ́ wọ́n sọ kọ̀mpréṣàn tiẹ̀ kalẹ̀ sí 8.2:1, wọn ò kàn gbé tọ́bò lé e lórí bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ kalẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tí tọ́bò bá ti tì wọlé ti gbóná tẹ́lẹ̀, písítìn á tún wá fún un pọ̀, tí ooru ẹ̀ bá pọ̀ jù, apá kan epo àti afẹ́fẹ́ tí iná plọ́ọ̀gì ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á bú gbàmù fúnra rẹ̀. Èyí ló ń fọ́ písítìn, tó ń jó gáskéètì, nígbà míì kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Bí kọ̀mpréṣàn bá ṣe ga tó ni boost, ìyẹn ìtẹ̀ àfikún tí tọ́bò fi ń ti afẹ́fẹ́ wọlé, tí ẹ́ńjìnnì lè gbà á ṣe kéré tó, bí òkéènì (octane, agbára epo láti má ṣe bú gbàmù fúnra rẹ̀) epo tó wà nílẹ̀ bá sì ṣe kéré tó náà nìyẹn. Toyota Corolla 1.8 tó jáde lọ́dún 2003, tó kún ojú títì ní Nàìjíríà, 10.0:1 ni tiẹ̀, torí náà ó yẹ kí boost tiẹ̀ kéré ju ti Mazda yẹn lọ. Irin tó so písítìn mọ́ kránkì náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, àwọn tó ń ṣe MX-5 sábà máa ń dúró ní nǹkan bíi 250 hp tí wọn ò bá tíì pààrọ̀ irin yẹn.

Téèyàn bá ti mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè dé, ìṣirò ló kàn. Ẹ́ńjìnnì four-stroke máa ń fa afẹ́fẹ́ kún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú yíyí méjì, torí náà ní 6,500 rpm (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ẹ́ńjìnnì 1,839 cc yẹ kó fa nǹkan bíi lítà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan. Kìí kún tán, ká sọ pé ó fa ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn á wọn nǹkan bíi kílò 6, tàbí pọ́n-ùn (lb) 13. Ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù máa ń mú nǹkan bíi 10 hp jáde látinú lb kọ̀ọ̀kan tó bá gbà ní ìṣẹ́jú kan, lb 13 á wá jẹ́ 130 hp, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 128 tí Mazda kọ sílẹ̀ mu. Tí wọ́n bá fi boost 8.5 psi (òdiwọ̀n ìtẹ̀) kún un, tí ìntakúlà sì mú afẹ́fẹ́ náà tutù, ó máa tó lb 19, ìyẹn nǹkan bíi 190 hp. Tí wọ́n bá ro ohun tí fílítà àti ìntakúlà máa fà sẹ́yìn mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ tó ń jáde látinú tọ́bò á ní ìtẹ̀ tó tó ìlọ́po 1.7 èyí tó wọlé sí i.

Nọ́ńbà méjì yìí, lb 19 àti 1.7, ni wọ́n máa gbé lọ sórí máàpù kọ̀mprẹ́sọ̀ (fáànù tó ń ti afẹ́fẹ́ wọlé) tí àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Garrett máa ń gbé jáde fún tọ́bò kọ̀ọ̀kan. Ìtẹ̀ ló wà lóòró, afẹ́fẹ́ ló wà níbùú, àwọn òrùka àárín sì ń fi hàn ibi tí tọ́bò ti ń ṣiṣẹ́ láìgbóná jù. Kò tó láti wo òkè rpm nìkan o, ó yẹ kéèyàn tún ṣírò ti 3,000 rpm, tó máa jẹ́ nǹkan bíi lb 9, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa mọ́tò jù. Tí àmì yẹn bá bọ́ sí òsì ìlà surge, afẹ́fẹ́ á máa padà sẹ́yìn nínú tọ́bò, á máa dún fùtù-fùtù-fùtù, bíárìn rẹ̀ ló ń jìyà yẹn. Tó bá sún sápá ọ̀tún jù, tọ́bò ti kéré, ooru ló kàn ń fi ránṣẹ́.

Tọ́bò GT2554R tàbí GT2560R ti Garrett ló bá ìṣirò yìí mu. GT3582R lágbára jù wọ́n lọ dáadáa, àmọ́ lórí ẹ́ńjìnnì 1.8, èéfín ò ní tó láti yí i, rpm lè kọjá 4,500 kí boost tó dé, kò sì ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì á fi kan òpin rpm rẹ̀. Nígbà tí Mazda fúnra wọn ta MX-5 alátọ́bò ní Amẹ́ríkà ní 2004 àti 2005, tọ́bò kékeré ti IHI ni wọ́n lò, 178 hp péré ni wọ́n sì wá, ìpinnu tó dáa gan-an nìyẹn fún mọ́tò tí wọ́n ń wà lójoojúmọ́. A/R tó wà lára ilé fáànù èéfín, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ̀nà tí èéfín ń gbà níbẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, náà ṣe pàtàkì, èyí tó kéré máa ń jẹ́ kí boost tètè dé, èyí tó tóbi máa ń jẹ́ kí èéfín jáde dáadáa lókè rpm.

Tọ́bò nìkan ò sì lè dá ṣe é, injẹ́tọ̀ tó tóbi sí i, pọ́ǹpù epo tó lè bọ́ ọ, wastegate (ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí èéfín gba ẹ̀gbẹ́ fáànù kọjá kí boost má bàa pọ̀ jù) àti kọ̀ǹpútà mọ́tò tí wọ́n tún ṣètò iná plọ́ọ̀gì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Tọ́bò tòkunbọ̀ pọ̀ lọ́jà bíi Ládípọ̀ ní Muṣin, àmọ́ irin tó wà láàárín rẹ̀ ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, torí náà kí wọ́n fi ìka di nọ́ọ̀tì iwájú fáànù mú kí wọ́n sì mì í. Ó lè mì díẹ̀ sókè-sódò, pàápàá tó bá jẹ́ èyí tí kò lo bíárìn oníbọ́ọ̀lù, àmọ́ kò gbọdọ̀ sún síwá-sẹ́yìn lọ́nà tí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n, ẹnu fáànù ò sì gbọdọ̀ kan ara ilé rẹ̀, tí ojú ibi tó ti ha bá wà níbẹ̀ kí wọ́n gbé e padà. Nígbà tí wọ́n bá ń dè é, páìpù tí ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì ń gbà padà gbọ́dọ̀ fẹ̀, kó sì dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ láìní kọ̀rọ̀, torí ọ́ìlì yẹn ò ní ohun tó ń tì í mọ́ tó bá ti kúrò nínú tọ́bò, tó bá dúró sílẹ̀ á gba ojú sílì jáde sínú sàlẹ́ńsà, mọ́tò á sì máa tú èéfín aláwọ̀ búlúù.