ALT ọmọ mi lé díẹ̀: ṣé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 24, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Odógunyán, ní Ìkòròdú níbí. Wọ́n ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ALT jẹ́ 62, AST jẹ́ 51, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò yẹ kí èyíkéyìí kọjá 40. Gbogbo ìyókù dára. Kò ṣàìsàn, ó ń jẹun dáadáa. Alájọgbé wa ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń jẹrà, kí n yáa ra àgbo tó ń fọ ẹ̀dọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra àgbo kankan. Èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ni ALT àti AST. Bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ bá fara pa, wọ́n á jò sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n lè fi hàn pé nǹkan ń yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu, àmọ́ wọn ò sọ bóyá ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Albumin, èròjà tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, àti bilirubin, ìdọ̀tí aláwọ̀ ìyeyè tó ń kó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, la máa ń wò fún ìyẹn, ẹ sì ní ìyókù dára. Ẹni tó gbé parasítámọ̀ọ̀ púpọ̀ jù mì, ALT tiẹ̀ lè wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. 62 jìnnà sí ìyẹn.

Ìbéèrè: Kí ló wá gbé e sókè?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè iṣẹ́ tó ṣe lọ́sẹ̀ tó ṣáájú àyẹ̀wò náà. AST wà nínú iṣan ara, ALT náà wà níbẹ̀ díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ru búlọ́ọ̀kù, tó kó yanrìn, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin, méjèèjì lè lé lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ṣe ohunkóhun. Àyẹ̀wò kan tó ń jẹ́ CK, tó ń fi hàn bí iṣan bá fara pa, ló máa ń tú àṣírí ìyẹn.

Lẹ́yìn náà, kí ló ń gbé mì? Ọtí, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, parasítámọ̀ọ̀ tó lé ní 4g lóòjọ́, ìyẹn hóró 8 ti 500mg. Mo sì fi paraga àti àgbo inú ike kún un. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú ohun tí a bá mu palẹ̀, ẹni tó ń ta àgbo náà fúnra rẹ̀ sì lè má mọ gbogbo ohun tó wà nínú ike yẹn. Àwọn ewé kan wà tó ń pa ẹ̀dọ̀ lára. Inú ń bí mi pé ọmọ tí ara rẹ̀ le ni wọ́n ń rọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí lọ́nà ọ̀fun nítorí nọ́ńbà orí ìwé.

Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ náà wà, pàápàá fún ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ, kódà bí kò bá mutí.

Èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ fò ni hepatitis B, kòkòrò àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jà. Ó lè wà lára èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí àmì kankan. Ọdún 2004 ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ kún àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà, wọ́n sì ti bí ọmọ yín ṣáájú. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, abẹ́ fífá tí èèyàn méjì jọ ń lò, tàbí ìyá sí ọmọ nígbà ìbímọ ló ń gbà ràn. Jíjọ jẹun kì í kó o ranni.

Ìbéèrè: Kí la máa ṣe báyìí?

Ìdáhùn: Kó sinmi ọtí, àgbo àti iṣẹ́ agbára, kó sì tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí dókítà bá ṣe dá a fún un. Kí wọ́n fi HBsAg (àyẹ̀wò hepatitis B), hepatitis C àti ṣúgà kún un. Bó bá ṣì lé, kí wọ́n ya ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní scan. Àmọ́ bí ẹyinjú rẹ̀ bá di ìyeyè bí òróró, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, tí ikùn rẹ̀ wú, tàbí tó ń bì ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan: ọsíbítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè: Bí HBsAg bá fi hàn pé ó ní i ńkọ́?

Ìdáhùn: Oògùn wà tó ń tẹ̀ ẹ́ rì, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ní i ló nílò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Dókítà ló máa pinnu. Bí kò bá sì ní i, abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni kó gbà: òní, lẹ́yìn oṣù kan, àti oṣù kẹfà. Bó bá sì ní i, Màmá, kí ẹ̀yin àti àwọn àbúrò rẹ̀ náà lọ ṣe àyẹ̀wò.